Ọkọ̀ oníkùn méjì fún ẹnu odò àti òkun: bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja kan ní Adó-Èkìtì ṣe yan tiwọn

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Èkìtì fẹ́ ra ọkọ̀ ìpẹja. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní Ọjà Ọba ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn awakọ̀ tó ń bá wọn kó ẹja wá láti Igbókòdá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni owó ọkọ̀ láti Igbókòdá dé Adó ti fò sókè, tí ẹja bá sì fi máa gba ọwọ́ alágbàtà méjì kọjá, èrè tó kù fún ẹni tó jókòó ti igbá kò tó nǹkan. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá jẹ́ tiwọn, tí àwọn apẹja Ìlàjẹ ń wà á, tí wọ́n sì jọ ń pín ohun tó bá wọlé, ọwọ́ kan á kúrò láàárín.

Èrò náà dára. Ibi tí ó ti fẹ́ wọ́ ni irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti rí ọkọ̀ oníkùn méjì ní Èkó, èyí tí àwọn oníbòòtù ń pè ní kàtàmáránì: ikùn tóóró méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú omi, pátákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan ló so wọ́n pọ̀ lókè, omi àti afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá. Ó sọ fún ẹgbẹ́ pé ọkọ̀ náà kì í mì, pé ó ní ẹ́ńjìnnì méjì, pé omi tí kò tó orúnkún gbà á, àti pé ó máa kó ẹja ìlọ́po méjì nítorí pé ikùn rẹ̀ jẹ́ méjì.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe òótọ́, òun ló sì fẹ́ kó wọn sí gbèsè. Ikùn ọkọ̀ oníkùn méjì tóóró. Ohun tó bá tóóró máa ń tètè rì sínú omi bí ẹrù bá ti ń gun orí rẹ̀. Bí a bá fi ọkọ̀ oníkùn kan àti oníkùn méjì tí gígùn wọn dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a sì gbé ẹrù kan náà lé wọn, oníkùn méjì ni yóò kọ́kọ́ sunkún. Ohun tí a ń san owó rẹ̀ lára oníkùn méjì ni ìdúróṣinṣin àti àyè ìtẹ̀sí. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ akẹ́rù, kó lọ ra oníkùn kan.

Nígbà tí wọ́n pè wá fún ìmọ̀ràn, ibi tí ọkọ̀ náà yóò ti ṣiṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ. Wọ́n ní yóò máa gbéra ní Igbókòdá lójú Odò Olúwa, yóò máa dẹ àwọ̀n nínú odò àti àwọn ọ̀nà omi tó lọ sí etí òkun, tí ojú ọjọ́ bá sì dára, yóò jáde sí òkun láìkọjá máìlì òkun 5, ìyẹn bíi kìlómítà 9. Òfin ìpẹja Nàìjíríà yọ máìlì 5 yẹn sílẹ̀ fún àwọn apẹja kéékèèké, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, tí ìgbì láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn máa ń ga jù, kò ní jáde rárá. Ètò náà mọ́gbọ́n dání. Ó tún jẹ́ kí a mọ̀ pé ọkọ̀ yìí á máa rìn díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ẹni tó ń fa àwọ̀n kì í sáré, èyí sì ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n rí. Èkíní jẹ́ fáíbà tuntun tí wọ́n ṣe ní Èkó, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16, ìyẹn mítà 4.9, ó wọn kílò 550, ikùn kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50 níbi tí omi mọ. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni ọkàn gbogbo ẹgbẹ́ fà sí. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, fáíbà náà ni, ẹsẹ̀ bàtà 18 tàbí mítà 5.5, ìbú rẹ̀ lápapọ̀ mítà 2.3, ikùn kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹni tó ń tà á sọ pé kílò 900 ni. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23, kílò 1,600, ẹ́ńjìnnì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 115 ló ń gbé e. Ẹ̀kẹta yìí kò pẹ́ lójú wa. Ọkọ̀ tó dára ni, ẹrù wọn kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n owó ẹ́ńjìnnì méjèèjì nìkan ju owó tí ẹgbẹ́ ní lọ, epo tí yóò sì máa mu lójoojúmọ́ kò lè ti inú ẹja tí àwọ̀n ọwọ́ ń kó jáde.

Ìṣirò ẹrù ló pinnu láàárín méjì tó kù. Ẹgbẹ́ ti ṣe ìṣirò kan kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n kọ ohun tí ọkọ̀ máa gbé lọ: èèyàn 4 pẹ̀lú aṣọ wọn, kílò 320, epo bẹntiróòlù líta 150, tí ó jẹ́ bíi kílò 110, torí pé líta epo kan kò tó kílò kan, yìnyín, kílò 150, àwọ̀n gbígbẹ, kílò 80, ìdákọ̀ró, okùn, bátìrì, ẹ̀wù ìgbàlà, omi mímu àti oúnjẹ, kílò 125. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 785. Nọ́ńbà yìí kò burú, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ọkọ̀ ìpẹja wúwo nígbà tó ń bọ̀ ju ìgbà tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà, epo ti jó kù sí bíi kílò 40, yìnyín ti yọ́ kù sí 100, ṣùgbọ́n àwọ̀n ti tutù, ó ti di 120, ẹja tí wọ́n sì ń retí jẹ́ kílò 300. Èèyàn àti àwọn ohun èlò kò yí padà. Ó di 1,005. Kílò 220 ni ó fi ju ti àárọ̀ lọ, ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń le, ní àsìkò tí ẹrù wúwo jù gan-an.

Láti mọ bí ẹrù yẹn ṣe máa ri ọkọ̀ tó, kò nílò ẹ̀rọ kankan. Fi tépù wọn gígùn ikùn kan níbi tí omi mọ, fi ìbú rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi 0.75 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí pé orí ikùn ṣóńṣó, kí o sì fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí pé méjì ni wọ́n. Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 18, gígùn ojú omi rẹ̀ jẹ́ mítà 5.0, ìbú 0.65, ìdáhùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà onígun mẹ́rin 4.9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bíi kílò 50 ló máa ri ọkọ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà kan. Àpò sìmẹ́ńtì kan, sẹ̀ǹtímítà kan: báyìí ni a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá, kò sì sí ẹni tó tún béèrè mọ́. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16, tí gígùn ojú omi rẹ̀ jẹ́ mítà 4.4, kílò 33 péré ti ri í ní sẹ̀ǹtímítà kan.

Nísinsin yìí, ẹ wo àjà àárín. Àjà àárín ni ìsàlẹ̀ pátákó tó so ikùn méjèèjì pọ̀, ibi tó kọjú sí omi. Bí ọkọ̀ kò bá ní ẹrù, tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo láàárín omi àti àjà ọkọ̀ kékeré jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28. Kílò 1,005 máa ri í ní 30 ó lé díẹ̀. Àjà ti wọnú omi. Ọkọ̀ tí àjà rẹ̀ wà nínú omi kì í ṣe oníkùn méjì mọ́, ó ti di pátákó pẹrẹsẹ tí ìgbì ń lù. Ti ọkọ̀ kejì, ìwé tó bá a wá sọ pé àlàfo náà jẹ́ 34 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ẹrù máa ri í ní 20, ó ku 14.

Kí ni 14 yìí fẹ́ ṣe? Ní ìsáré, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ikùn méjèèjì àti omi tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn máa ń gbé ọkọ̀ sókè, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníkùn méjì tó ń sáré lè ní àlàfo kékeré nígbà tó dúró, kí ó má sì fa wàhálà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n, tàbí tí ẹ́ńjìnnì kan bá kú tí wọ́n sì ń fi ìkejì rọra bọ̀ wálé, kò sí ìsáré tí yóò gbé e sókè. Ìgbì kọ̀ọ̀kan á wọ àárín, á sì gbá àjà láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á gbọ́ ọ bíi pé ẹnìkan ń fi odó lu ilẹ̀. Ariwo náà kọ́ ni ìṣòro. Ibi tí àjà ti pàdé ikùn, ní igun inú, ni agbára gbogbo ń lọ, ibẹ̀ ni fáíbà ti kọ́kọ́ máa ń là, omi á sì máa gba ojú là yẹn wọnú ikùn láìsí ẹni tó mọ̀. Fún ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 6, tó máa jáde sí òkun, ohun tí a máa ń béèrè ni sẹ̀ǹtímítà 15 ní àárín, pẹ̀lú ẹrù ìpadàbọ̀, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà a ní kí wọ́n gbà pé èèyàn 3 ni yóò máa lọ, kì í ṣe 4, kí ẹja má sì kọjá kílò 250. Ẹrù di 875, àlàfo di 16 ààbọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún tiwọn náà. A ṣe é: ó ku sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Àwọn tó lọ wo ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà ní Èkó kò kàn fojú wò ó. Wọ́n fi rúlà wọn àlàfo àárín nígbà tó ń léfòó láìsí ẹrù, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá 31. Ìwé sọ pé 34. Sẹ̀ǹtímítà 3 tó dín, ní kílò 50 sí ọ̀kan, jẹ́ kílò 150 tí kò sí ẹni tó lè nà án ní ìka. Kò sí ẹrù nínú ọkọ̀, táńkì epo sì gbẹ. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akóyanrìn, wọ́n yọ ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi fà á àti ẹ́ńjìnnì kúrò, ara ọkọ̀ nìkan wá jẹ́ kílò 1,060. Ẹni tó ń tà á kò parọ́, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀: ọkọ̀ náà ti mu omi kílò 160.

Inú fóòmù ni omi náà wà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ máa ń da fóòmù sínú ikùn kí ó má bàa rì pátápátá bí omi bá wọ̀ ọ́. Fóòmù tuntun kì í mu omi, ṣùgbọ́n bí omi bá ń bá a gbé fún ọdún púpọ̀, inú rẹ̀ á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di kànìnkànìn. Wọ́n fi ìka lu pátákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní iwájú ó ń dún kóró, lẹ́yìn àga awakọ̀ ó dún bọ̀tì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi dírílì lu ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fa ẹyọ fóòmù kan jáde tó ti di àwọ̀ tíì, nígbà tí wọ́n sì fún un, omi ṣàn dé ìgúnpá ẹni tó mú un. Ohun tó fà á kò jìnnà: sìkúrù mẹ́rin tó di àga mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti wọlé láìfi gọ́ọ̀mù dí i, omi òjò àti omi òkun sì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ sìkúrù sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ibi yòókù tí wọ́n yẹ̀ wò dára. Pátákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń kọ́ sí ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ra tòkunbọ̀ kọ́kọ́ dán wò: gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀, di ìdí rẹ̀ mú, kí o sì fi agbára tì í sókè sódò. Bí pátákó bá ń mì tàbí tí ojú là tóóró bá ń ṣí ní igun rẹ̀, igi inú rẹ̀ ti jẹrà, àtúnṣe rẹ̀ á sì jẹ owó púpọ̀. Ti ọkọ̀ yìí kò mì. Igun inú àjà kò là. Nítorí fóòmù yẹn, ẹgbẹ́ rí ẹ̀dínwó gidi gbà.

Kí wọ́n tó fà á wá sí Adó, a ní kí wọ́n tún igi ìgbékọ̀ orí kẹ̀kẹ́ náà ṣe. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ ti fi igi méjì sí abẹ́ àjà àárín, ikùn méjèèjì sì ń fì sí afẹ́fẹ́. Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà tí a lè fi ọkọ̀ oníkùn méjì rìn báyẹn. Kòtò kan péré tí táyà ọ̀tún bá já sí á lọ́ ọkọ̀ náà ní àárín gbùngbùn. Abẹ́ egungun ìdí ikùn kọ̀ọ̀kan ni igi gbọ́dọ̀ wà, kí ó gùn ju mítà 2 lọ, kí àjà má fara kan ohunkóhun. Kí wọ́n sì fi gíríìsì kún bẹ́árì táyà dáadáa, pàápàá lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti wọ omi iyọ̀, torí pé bẹ́árì tó jó lójú ọ̀nà Orè ní alẹ́ jẹ́ ìyà tí kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀.

Ní Adó, oníṣẹ́ fáíbà gé pátákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ibi méjì, ìbú sẹ̀ǹtímítà 40, gígùn 120, lórí ikùn kọ̀ọ̀kan, ó sì kó gbogbo fóòmù jáde. Inú ikùn gbẹ lábẹ́ òrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun kò dára, epo bẹntiróòlù á yọ́ ọ, èròjà tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà náà á sì jẹ ẹ́. Kẹ́ẹ̀gì líta 25 tí ìdérí rẹ̀ dè pinpin ni a dábàá. Kò gbówó lórí, kì í mu omi, a sì lè yọ ọ́ wò. Ìṣirò iye rẹ̀ rèé: fáíbà wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀, nítorí náà ara ọkọ̀ kílò 900 tó wà nínú omi ṣì máa fà wálẹ̀ pẹ̀lú bíi kílò 340, ẹ́ńjìnnì méjì bíi 100, bátìrì, ìdákọ̀ró àti irin yòókù bíi 60. Ó di 500. Kẹ́ẹ̀gì kan ń gbé bíi kílò 24. Kẹ́ẹ̀gì 24, 12 nínú ikùn kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n kó wọlé, wọ́n fi bẹ́líìtì so wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa máa yí kiri. Ó fi díẹ̀ lé ohun tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ọkọ̀ oníkùn méjì tó bá dojú dé kì í dá ara rẹ̀ padà. Ohun tó máa gba ẹ̀mí àwọn apẹja là ni kí ó ṣì máa léfòó kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú.

Wọ́n fi ìdérí roboto tó ṣeé yí ṣí sí orí ikùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi pọ́ǹpù kékeré kan sínú ikùn kọ̀ọ̀kan. Méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Omi tó wọ ikùn ọ̀tún kò lè dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tó wà nínú ikùn òsì. Lẹ́yìn àtúnṣe, ara ọkọ̀ wọn kílò 915.

Adágún dáàmù Ìkún-Èkìtì ni wọ́n ti dán ẹrù wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Omi tí àwọn èèyàn ń mu ni, nítorí náà ọkọ̀ wọ ibẹ̀ láìní epo, láìní ẹ́ńjìnnì. Àpò yanrìn 3 tó jẹ́ kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé sí ẹ̀yìn dípò ẹ́ńjìnnì. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ dára fún irú ìwọ̀n yìí ju odò tí òkun ń fà lọ fà bọ̀. Wọ́n wọn àlàfo ní ibi mẹ́ta: iwájú 45, àárín 34, ẹ̀yìn 27. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àpò tó jẹ́ kílò 875 wọlé, wọ́n tò ó sí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà gan-an: èèyàn, epo, àwọ̀n, àpótí yìnyín àti ẹja.

Àárín sọ̀kalẹ̀ ní 17, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìṣirò mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ ní 24. Ó ku sẹ̀ǹtímítà 3 péré lẹ́yìn, ibi tí ìgbì tó ń lé ọkọ̀ bọ̀ yóò ti kọ́kọ́ gbá a. Àpótí yìnyín àti ẹja ló fà á: kílò 350 ni àpótí náà máa jẹ́ bí ó bá kún, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ẹni tó ṣe ọkọ̀ sì gbé e sí, torí pé ó rọrùn láti dà á nù níbẹ̀. Wọ́n sún un síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ̀yìn gòkè ní 7, ó di 10. Sísún àpótí kan láìná kọ́bọ̀ ṣe ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ńlá lè ṣe lọ. Bí wọ́n bá sún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ikùn méjèèjì á wúwo, ìyẹn sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bí ìgbì bá ń lé ọkọ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn, orí ikùn á gún omi tó wà níwájú, ọkọ̀ á sì fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Wọ́n fi bóòtì dè é síbẹ̀.

Lórí ẹ́ńjìnnì, àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ fẹ́ méjì tó ní agbára ẹṣin 60, irú èyí tí kì í da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Kì í pariwo, epo tó ń mu kéré sí agbára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó bíi kílò 112. Yamaha 40 tí a ń da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ jẹ́ bíi kílò 75. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ kílò 74, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ló sì wà. Ohun tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé àwọn tó ni ọkọ̀ ń gbé ní Adó. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ ní Igbókòdá, mẹ́kánìkì tó wà létí omi ló máa tú u. Yamaha 40 ni gbogbo wọn mọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n ní ìlú tó bá létí omi. Èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré dá epo sínú máa ń kú bí omi bá dàpọ̀ mọ́ epo, omi kì í sì í ṣọ̀wọ́n nínú epo kẹ́ẹ̀gì. A dúró lórí 40 méjì. Agbára ẹṣin 80 lórí bíi kílò 1,950 kò ní jẹ́ kí ó fò, ṣùgbọ́n á gbé e sáré tó tó. Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ líta kan sí epo líta 50. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n rẹ̀ ń pa písítìnì.

Ẹ́ńjìnnì méjì kì í ṣe ààbò bí méjèèjì bá ń mu láti inú táńkì kan. Epo tó ní omi nínú á pa wọ́n nígbà kan náà. Táńkì 2, líta 75 ọ̀kọ̀ọ̀kan, asẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ lórí páìpù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì ra epo méjèèjì níbì kan náà lọ́jọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Ìdá mẹ́ta ni a ń pín epo sí: líta 50 fún lílọ, 50 fún bíbọ̀, 50 tó kù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kí wọ́n tó gbà pé ọkọ̀ ti ṣetán, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wà á pẹ̀lú ẹrù nínú odò, kí wọ́n gbé ìkejì sókè kúrò nínú omi. Kò ní sáré, bíi máìlì òkun 5 ní wákàtí kan ni, á sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí awakọ̀ mọ ọwọ́ tí yóò fi dá a padà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì ga jù, pùròpẹ́là á mu afẹ́fẹ́ tó ń ti àárín ikùn jáde, ẹ́ńjìnnì á ké tòò, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ìgbà tí wọ́n bá ń yí kọ́nà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní ihò bóòtì kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí wọ́n tún dán an wò kí wọ́n tó lọ ra pùròpẹ́là mìíràn.

Àwọn apẹja tí yóò wà á ti mọ omi ju ẹnikẹ́ni ní Adó lọ, ọkọ̀ oníkùn kan ni wọ́n sì ti ń wà láti kékeré. Ohun mẹ́ta ni ọkọ̀ yìí máa fi yà wọ́n lẹ́nu. Bí wọ́n bá yí kọ́nà, kò ní tẹ̀ sínú bí wọ́n ṣe mọ̀, ó lè tẹ̀ síta, ẹni tó dúró láìdi nǹkan mú lè ṣubú sómi. Bí ìgbì bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, kò ní rọra fì, ńṣe ni á máa já lójijì, ẹsẹ̀ sì máa ń rẹ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì ń kojú ìgbì, ìwọ̀nba ìsáré dára ju ìrọra lọ, torí pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ló ń gbé e.

Ibi tó léwu jù ni ibi tí odò ti ń wọ òkun nígbà tí omi ń fà jáde, tí ìgbì sì ń bọ̀ láti ìta. Méjèèjì á pàdé, ìgbì á kúrú, á ga, á sì dúró ṣánṣán. Etí òkun Ìlàjẹ jẹ́ ẹrẹ̀ ní ibi púpọ̀, omi rẹ̀ kò jìn títí dé ọ̀nà jíjìn, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ fáíbà lè sá gúnlẹ̀ sí bí ó bá ti jáde. Ìgbà tí omi bá ń wọlé ni kí wọ́n kọjá, kí wọ́n sì ṣètò ìpadàbọ̀ sí ìgbà bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá ní kí wọ́n fi ẹja kan sílẹ̀ kí wọ́n tètè bọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Nínú odò, ọ̀tá rẹ̀ ni ojúoró àti èpò omi olódòdó àlùkò. Ọkọ̀ oníkùn kan máa ń ti èpò sí ẹ̀gbẹ́, oníkùn méjì ń kó o sí àárín, ó sì ń fà á lọ tààrà sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tó ń tù ú. Ẹ́ńjìnnì á gbóná kí awakọ̀ tó fura. Kí ó máa wo omi tóóró tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, kí ó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó gbé e sókè, kí ó sì fọwọ́ yọ èpò rẹ̀. Ìyẹ̀fun ẹrẹ̀ náà máa ń dí i. Fífi omi tí kò níyọ̀ ṣan inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn gbogbo ìjáde sí òkun kò ṣeé fi falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́: ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ lọ́dọ̀ NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀wù ìgbàlà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, rédíò VHF kan àti fóònù nínú ike tí omi kì í wọ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ NiMet kí ó tó jáde. Olè ojú omi ń jí ẹ́ńjìnnì ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, méjì ló sì wà níbẹ̀ fún wọn láti jí, nítorí náà irin tó ń ti bóòtì ìgbékọ́ pa gbọ́dọ̀ wà lórí méjèèjì, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Adó. Wọ́n ti fi kùn pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ikùn kọ̀ọ̀kan níbi tí omi mọ pẹ̀lú kílò 875. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn apẹja sọ pé bí ìlà yẹn bá ti wọ omi, ẹja kò tún gbọ́dọ̀ wọlé, iye yòówù kí ṣáwá tàbí àgbọ̀dọ̀ tó wà nínú àwọ̀n jẹ́, ẹgbẹ́ kò sì ní yọ owó ẹja tí wọ́n bá tú padà sómi kúrò nínú ìpín wọn.